Pọ́ǹpù Tí Bàbá Mi Dì

Èmi kì í bẹ ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n máa ń fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì lórí, tí wọ́n á máa pè é ní "ìyá mi, dákun," kí wọ́n tó ṣíná rẹ̀. Èmi ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá kọ iṣẹ́, ó ní ohun tó ń dùn ún, èmi á sì wá a kàn, bó pẹ́ bó yá. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí àbúrò mi ọkùnrin wa típà rẹ̀ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀bù wa, tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì ní kí n bá òun bẹ Ọlọ́run.

"Bẹ Ọlọ́run lórí kí ni?" mo bi í.

"Sísì mi, wọ́n ti fún mi níwèé."

Ìwé náà kò gùn. Ọ̀gá ibi ìfọ́kúta tí àbúrò mi ń bá ṣiṣẹ́ ló kọ ọ́. Òkè kan wà láàárín kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ́ ọ. Ó ga, ó sì gùn tó máìlì kan àbọ̀. Ìwé ní láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, típà tí kò bá lè ru ẹrù kíkún gun òkè náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, láìdúró, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, torí pé àwọn tó ń rá pálá ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó kù. Ilé ẹ̀kọ́ kan sì wà lágbedeméjì òkè tí ògiri rẹ̀ ti dúdú. Típà tó bá tú èéfín dúdú níwájú rẹ̀, ilé ló ń lọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa dán ti àbúrò mi wò, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló sì máa ń gbà á, ìyẹn lọ́jọ́ tí kò bá dúró sinmi.

Ọdún mẹ́wàá ni àbúrò mi fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó ní tirẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́. Bí wọ́n bá lé e níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń wá típà mọ́ ní gbogbo àdúgbò wa, àfi kó padà sídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

"Mi ò lè padà síbẹ̀," ó wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pariwo mọ́ ọn.

"Ta ló ní kó o padà? Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó o wọlé lọ jẹun."

Ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe ti mẹkáníìkì gbogbogbòò. Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì nìkan la ń ṣe. Bàbá mi ló dá a sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, èmi ni mo sì ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ojú wọn ti kọ iṣẹ́. Iyàrá méjì ni: ti iwájú fún ẹ̀rọ ìdánwò àti tábìlì onírin, ti ẹ̀yìn fún nọ́sùlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì. Bàbá mi ṣì ń wá lójoojúmọ́. Wọ́n á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fọwọ́ ṣa bóòtì sínú agolo, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, wọn kì í sì í ṣì í. Bí oníbàárà bá ń káàánú wọn, wọ́n á ní, "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò sunkún, mi ò sì ríran, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Pọ́ǹpù ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì. Tọ́bò ní tirẹ̀, èéfín tó ń jáde ló ń yí i, òun náà á wá máa ti afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú ẹ́ńjìnnì. Lórí pọ́ǹpù, ọmọrí kékeré kan wà tí awọ rọ́bà tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tọ́bò bá dé orí awọ yẹn, awọ á wọlẹ̀, á ti ọ̀pá kan, ọ̀pá á sì jẹ́ kí epo pọ̀ sí i. Bàbá mi máa ń sọ gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: afẹ́fẹ́ ṣáájú, epo tẹ̀lé. Ẹni tó bá fi epo ṣáájú, èéfín dúdú ló máa rí, lẹ́yìn náà á rí ẹ́ńjìnnì tó jóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, mo so géèjì méjì mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo fà wọ́n wọ iwájú awakọ̀: ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fẹ́, èkejì fún ooru èéfín. A ru òkúta kíkún, mo jókòó ti àbúrò mi, ó dojú kọ òkè. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ìgbín ì bá yà wá sílẹ̀. Kó tó dé ilé ẹ̀kọ́, ó ti já sí jíà kìíní, ó sì ń mí bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn àìsàn. Mo wo géèjì afẹ́fẹ́. Kò kọjá páùn mẹ́fà, bí a ṣe ń ka afẹ́fẹ́ táyà, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹ́ńjìnnì yẹn ò yẹ kó fẹ́ dín ní mẹ́rìndínlógún. Géèjì ooru ò tilẹ̀ mì. Mo yọrí lójú fèrèsé wo sálẹ́ńsà: kò sí èéfín rárá. Dísẹ́ẹ̀lì tó ru òkúta gun òkè tí kò tú èéfín kankan, ebi ló ń pa á.

"Ṣé ó ti kú?" àbúrò mi bi mí.

"Kò kú. Ẹnì kan ni kò fún un lóúnjẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára tọ́bò tó ń jẹ́ kí èéfín tó bá pọ̀ jù gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń ṣí i. Bí a bá fún ọ̀pá náà le, ilẹ̀kùn á pẹ́ kó tó ṣí, afẹ́fẹ́ á sì pọ̀. Mo fún un le. A gun òkè: páùn mẹ́fà. Mo tún fún un le sí i: páùn mẹ́fà. Mo tú tọ́bò sílẹ̀, mo fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, ó yí wẹ́rẹ́, kò gbọ̀n. Mo fi omi ọṣẹ pa gbogbo rọ́bà afẹ́fẹ́ lára, kò sí èyí tó yọ ìfófòó. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, ṣùgbọ́n mo ti yí inú gbogbo wọn sókè wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tínú ń run.

Nígbà tí mo jókòó sórí táyà láti ronú, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Epo ń retí afẹ́fẹ́ kó tó pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ náà ń retí epo kó tó lè le. Wọ́n dà bí àna méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró kí èkejì kọ́kọ́ kí òun. Ẹni tó yẹ kó bá wọn làjà ni awọ rọ́bà orí pọ́ǹpù, ibẹ̀ nìkan sì ni mi ò tíì fọwọ́ kàn, nítorí èdìdì Bàbá mi wà lórí rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ṣe pọ́ǹpù tán á fi wáyà gba inú orí bóòtì rẹ̀, á fi òjé dì í, á sì fi ẹ̀mú tẹ àmì tirẹ̀ sára òjé náà. Èdìdì ẹni ni orúkọ ẹni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà bá wà láàyè, ẹlòmíràn kì í já a láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá já a, kò sí oníṣẹ́ pọ́ǹpù kan tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, gbogbo èèyàn á sì máa sọ pé ẹni tó di pọ́ǹpù náà ti di ẹni tí wọ́n ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bàbá mi kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ogójì ọdún. Àwọn pọ́ǹpù tí wọ́n dì kẹ́yìn tilẹ̀ gbayì ju ti ìṣáájú lọ, torí pé wọn kì í jẹ epo. Àwọn awakọ̀ ń fi yangàn.

Nírọ̀lẹ́, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn mi.

"Bàbá, mo fẹ́ ṣí orí pọ́ǹpù ọmọ yín."

Ọwọ́ wọn dúró lórí bóòtì. "Ta ló dì í?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dì nígbà náà."

"Kò lè gun òkè, Bàbá."

"Pọ́ǹpù tèmi kì í jẹ epo. Lọ bi wọ́n léèrè."

"Èyí kì í jẹ epo débi pé ebi fẹ́ pa á kú."

"Ọkọ̀ ló ti gbó."

"Ọkọ̀ ò gbó. Tọ́bò ò ní nǹkan kan. Gbogbo ohun tó kù ni mo ti wò."

Wọ́n sọ bóòtì náà sínú agolo ńlá. Kékeré ni, mi ò sì sọ fún wọn. "Ṣé èmi ni mi ò wá mọ iṣẹ́ mi mọ́? Ọjọ́ tí mo bá kú, kó o já a."

"Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò," mo ní. "Ṣé kí ẹ wá kú lọ́la ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Àbúrò mi káwọ́ lérí. Ojú tì mí, mo ní kí wọ́n má bínú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Wọ́n tẹrí ba, mo sì rí i tí èjìká wọn ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ẹnu ìyá rẹ gan-an lo gbé wá sáyé," wọ́n wí. "Òun náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n na ọwọ́, mo fà wọ́n dìde. "Níwájú mi ni wàá ti já a. Kì í ṣe lẹ́yìn mi."

N kò ní purọ́: ká ní wọ́n kọ̀ ni, ǹ bá já a lọ́nàkọnà. Mo ti pinnu kí n tó jáde síta. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé wọn ò kọ̀.

Mo gun orí bọ́ńpà, Bàbá mi fọwọ́ ti ìdí ẹ́ńjìnnì, àbúrò mi di iná mú. Mo já wáyà. Mo tú bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ṣí ọmọrí, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì oníwèé kan, irú èyí tí a fi ń dí àárín irin méjì, wà lábẹ́ ọmọrí náà, ihò kékeré kan sì wà létí rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá ihò ara pọ́ǹpù mu, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tọ́bò ń gbà dé orí awọ. Ojú bóòtì rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà ó lè wọlé lódì bó ṣe lè wọlé bó ṣe yẹ. Ojú nìkan ló lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó wọlé lódì. Ọdún mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ fi ń kan ilẹ̀kùn tí ìwé ti tì pa.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi fura. Lọ́dún yẹn, rọ́bà afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ìdánwò wa ti bàjẹ́, etí ni Bàbá mi fi ń dán pọ́ǹpù wò. Bí ọkọ̀ bá sì dúró lásán nínú ọgbà, tọ́bò rẹ̀ kì í fẹ́ nǹkan kan, ìró tó dáa àti èyí tí kò dáa dọ́gba. Àfi tó bá ru ẹrù. Kó tó di pé ibi ìfọ́kúta ṣí lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ilẹ̀ títẹ́jú ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wa ọkọ̀ tí ebi ń pa, wọ́n sì ń yìn ín pé kì í jẹun.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Lọ́dún yẹn, mo rí Bàbá mi tí wọ́n gbé irú gásíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, tí wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ihò rẹ̀. Inú iyàrá ẹ̀yìn ni mo wà, nídìí nọ́sùlù. Mo rí i, mo sì dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti mọ̀ pé ojú ń lọ. Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi wò ó láti òkèèrè, mo sì gbójú kúrò.

"Kí lo rí?" Bàbá mi bi mí.

Àbúrò mi ti rí gásíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó wò mí, ó mi orí díẹ̀, pé kí n má sọ ọ́.

"Awọ rọ́bà ló gan, Bàbá. Kò wọlẹ̀ mọ́."

"Fún mi."

Mo fún wọn ní awọ náà, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì sí àpò. Wọ́n ṣẹ́ awọ náà po, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò rìn yí i ká. Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Wọ́n dá a padà fún mi.

"Ó dáa," wọ́n wí. "Pààrọ̀ rẹ̀." Mo rò pé wọ́n gbà mí gbọ́.

Ọjọ́rú ni iṣẹ́ gidi. Mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo fi í sójú ọ̀nà, a ru òkúta, a gun òkè. Pọ́ǹpù náà jẹ epo bí ẹni tó gba ààwẹ̀ ọdún mẹ́ta. Típà fò sókè, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì tíì parí tí gbogbo ẹ̀yìn wa fi dúdú. Géèjì ooru sáré wọ ibi tó pupa. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà jáde, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ṣé ẹ wá bá wa kun ògiri ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì péré."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kí ni?" ó bi mí, ṣùgbọ́n a ti kọjá.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà, mo tún ṣí orí pọ́ǹpù. Kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà lábẹ́ awọ tó ń ti sípíríǹgì. Mo yí i kí sípíríǹgì le, kí epo má bàa sáré jáde kí afẹ́fẹ́ tó dé. Mo wá yí ọ̀pá tó wà láàárín. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jinlẹ̀ ju èkejì lọ, bí a bá sì ṣe yí i sí la ṣe máa rí epo sí. Mo yí i dé ìdajì. A gun òkè lẹ́ẹ̀kejì. Èéfín dín, géèjì afẹ́fẹ́ dé méjìlá, ṣùgbọ́n ooru ṣì ń gòkè. Epo ti tó, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ìgbà yìí ni ọ̀pá ilẹ̀kùn tọ́bò tó lè wúlò. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti tú u padà sí ibi tó wà kí n tó fún un le lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wá ń fún un díẹ̀díẹ̀, ìdajì ìyípo kan, ìdajì kan, títí mo fi rò pé ó tó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo so aṣọ funfun mọ́ ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà. A gun òkè náà ní jíà kẹta. Afẹ́fẹ́ dúró sí páùn méjìdínlógún, ooru dúró síbi tí mo fẹ́, ìṣẹ́jú méje àbọ̀ la lò, eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì wà lára aṣọ náà nígbà tí mo tú u. Inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ lu pátákó iwájú ọkọ̀.

"Sísì, ẹ fi páùn mẹ́ta kún un," àbúrò mi ní. "Ká lè ṣe é ní mẹ́fà."

"Mi ò fi nǹkan kan kún un."

"Méjì péré."

"Wo ẹnu rẹ. Lánàá ò ń sunkún, lónìí o fẹ́ fò. Bí mo bá fi méjì kún un, orí ẹ́ńjìnnì rẹ á gbéra. Bí mo bá tún fi epo kún un, písítìn á yọ́ bíi ṣúgà. Mẹ́jọ ni wọ́n fún ọ. Méje àbọ̀ lo ní. Dúró síbẹ̀."

Mo fi wáyà gba inú bóòtì, mo fi òjé dì í, mo tẹ àmì tèmi sí i. Mi ò tíì di pọ́ǹpù kankan rí tí Bàbá mi ti kọ́kọ́ dì. Mo bú àbúrò mi pé ó ń mi ọkọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá mi ti dúró ti ẹnu ọ̀nà típà kí àwa tó jáde. Wọ́n ní àwọn máa bá wa lọ. Mo ní òkè náà kò dáa fún ara wọn. Wọ́n ní etí làwọn fẹ́ gbé lọ, ara lè dúró sílé bó bá wù ú. A gbé wọn sáàárín èmi àti àbúrò mi.

Ọ̀gá ibi ìfọ́kúta dúró lórí òkè pẹ̀lú aago, akọ̀wé rẹ̀ kan dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́ láti wo èéfín. Wọ́n ju àsíá, àbúrò mi gbéra. Tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, géèjì gòkè lọ sí mẹ́wàá, sí mẹ́rìnlá, sí méjìdínlógún, ó dúró. Bàbá mi yí orí díẹ̀ sí ìhà ibi tí ìró ti ń bọ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, kó tó dé ilé ẹ̀kọ́, a bá típà kan níwájú wa tó ń fà gọ́lọ́gọ́lọ́. Awakọ̀ rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn orí òkè yẹn ń pè é, torí bó ṣe ń gun òkè. Àbúrò mi fọn fèrè, ó yà á sílẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọkọ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ̀kan ń ké, ọ̀kan ń kérora. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá mi.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì ni," wọ́n wí. "Àbí?"

Mo wo ojú ọ̀nà. Mo lè tún purọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Awọ yẹn kò gan. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ò ń pa nǹkan mọ́ fún mi, mi ò mọ ohun tó jẹ́ ni." Wọ́n tẹ́tí sí típà ẹ̀yìn wa. "Èmi ni mo di ti ọkọ̀ yẹn náà. Èèyàn mélòó ni?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá gbogbo irú pọ́ǹpù yìí tí ẹ dì lọ́dún yẹn."

"Mọ́kànlá," wọ́n wí. "Mọ́kànlá ni."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká délé ná," àbúrò mi ní. "Ẹ̀yin kọ́, ojú yín ni. Èmi àti Sísì á máa pè wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó ní àyẹ̀wò lásán ni, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Wa ọkọ̀ rẹ," Bàbá mi dá a lóhùn. "Wọ́n ní o kò gbọ́dọ̀ dúró."

A dé òkè ní ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀. Akọ̀wé ti fi fóònù sọ pé òun ò rí èéfín. Ọ̀gá bọ àbúrò mi lọ́wọ́, ó ní kó lọ da ẹrù rẹ̀, kó sì padà wá gbé òmíràn. Àbúrò mi di mí mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè bá a yọ̀ dáadáa nítorí Bàbá mi ti ń táràrà wá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi tí típà ń gbà wọlé, wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà.

Jẹ́jẹ́ pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ọ̀gá ti yọ ìwé ìdádúró rẹ̀ lápò. Awakọ̀ náà rí ìwé náà láti inú ọkọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo ni ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ bá mi di pọ́ǹpù rẹ̀ nígbà kan."

"Mo dì í lódì," Bàbá mi wí. Wọ́n gbé ohùn sókè kí ọ̀gá náà lè gbọ́. "Ojú mi ti ń lọ nígbà yẹn, mo mọ̀ pé ó ń lọ, mo sì ń ṣiṣẹ́, torí ojú ń tì mí láti sọ. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ rẹ. Kò sí ohun tó ṣe ìwọ náà. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un di ọjọ́ Ajé. Ọmọ mi yìí á tún un ṣe. Kò ní san nǹkan kan."

Ọ̀gá náà wo típà àbúrò mi, ó wo ti Jẹ́jẹ́, ó sì ká ìwé náà sápò padà. Mo rò pé Jẹ́jẹ́ á dúpẹ́, tàbí kó bínú. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀.

"Mo lé àbúrò mi kúrò lórí ọkọ̀ yìí lóṣù méjì sẹ́yìn," ó wí. "Òun ló ń wà á tẹ́lẹ̀. Mo ní kò mọ ọkọ̀ wà. Mo ní ọ̀lẹ ni, lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà náà."

Bàbá mi dúró bí ẹni tí wọ́n lù. Àbúrò tèmi náà dúró lẹ́yìn wa, kò sì dárúkọ àyẹ̀wò lásán mọ́.

"Níbo ló ń gbé?" Bàbá mi bi í.

"Ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ọgbà igi pákó."

"Mú mi lọ bá a. Báyìí."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún pọ́ǹpù ṣe, Bàbá," mo ní. "Ọ̀la lè dáa fún ìyẹn."

"Pọ́ǹpù dúró fún ọdún mẹ́ta, á tún dúró fún wákàtí kan."

Jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó fà wọ́n sókè. Mo dúró nílẹ̀ pẹ̀lú sípánà nínú àpò, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń táràrà wọ ọkọ̀ tí ọwọ́ ara wọn ti fi ebi pa. Arúgbó tí kò ríran fẹ́ lọ dúró nílé onílé, kí ó sọ pé òun ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere wà nínú iyàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, tó sì rí i.

"Ẹ dúró," mo ní. "Ẹ sún fún mi. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ bá a sọ."

Bàbá mi ò bi mí pé kí ni. Wọ́n sún.